Bí A Ṣe Ń Wọ Inú BIOS Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Ń Lo Linux: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Níbi Ìpàdé Ẹ̀ka Ọ̀dọ́

Àwọn tí kò lè wá sí ìpàdé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀ kí àwọn lè rí i kà lórí fóònù. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́. Ibi tí ẹnu mi bá ti yá jù, ọmọ yín ni mí, ẹ fà mí létí.

Ẹ rántí pé ẹ̀gbọ́n wa kan ní London kó láptọ́ọ̀pù mẹ́fà ránṣẹ́ fún yàrá ìkàwé wa. Tòkunbọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n ti fi Ubuntu, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, sínú mẹ́rin nínú wọn. Àyè ò gbà wọ́n láti ṣí méjì yòókù wò kí wọ́n tó kó wọn sí páálí. Lónìí, márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ṣì wà nínú páálí rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá a máa rí i lò láé. Kò bàjẹ́ o. Iná ń wọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ ń tàn. Ilẹ̀kùn kan ló tì mọ́ wa lójú. Ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ń pè ní BIOS, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ sì ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní, bíi TPM 2.0. Nítorí náà, àwọn òfíìsì lókè òkun ń kó kọ̀ǹpútà tó ṣì lágbára dà nù. Ibo lẹ rò pé wọ́n ń lọ? Ọ̀dọ̀ wa níbí náà ni. Linux ni yóò jẹ́ kí a rí wọn lò, torí ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ lára. Linus Torvalds, ọmọ yunifásítì ní Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni nígbà náà. Ubuntu ní tirẹ̀, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi fíláàṣì gbé Linux sínú kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ tún un ṣe nígbà tí kò bá fẹ́ gbéra, àfi kí ẹ gba ọ̀dọ̀ BIOS kọjá.

Kí ni BIOS?

Ètò kékeré kan ni. Kò sí lórí díìsìkì tí Linux wà. Inú ẹ̀rọ gan-an, lára mọ́dàbọọ̀dù, ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì tí kọ̀ǹpútà fi ń tan, òun ló kọ́kọ́ ń jí. Yóò wo kíbọọ̀dù, yóò wo mẹ́mórì, yóò wo díìsìkì, kó tó wá pe Linux tàbí Windows pé kó máa bọ̀. Ẹ fojú inú wo oníbodè ayé àtijọ́. Kò sẹ́ni tí yóò wọ ìlú láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ló ń sọ pé kí díìsìkì ṣíwájú, tàbí kí fíláàṣì ṣíwájú.

Gary Kildall, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ lo orúkọ náà láyé 1970 sí 1979. Nígbà tí IBM gbé PC wọn jáde ní ọdún 1981, orúkọ náà tàn káàkiri. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà òde òní, UEFI ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu ti mọ́ BIOS, kò sẹ́ni tó ń dààmú ara rẹ̀. Èmi náà á máa pè é ní BIOS.

Ìtìjú tèmi

Mo ní láti jẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rin tó ní Ubuntu náà, bí a bá tàn án, ojú rẹ̀ á dúdú, á kọ "Start PXE over IPv4", á sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé Ubuntu jáde. Àwọn ọmọ tó wá kàwé rò pé ó ti kú, wọ́n á pa á. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òfíìsì tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti sọ fún oníbodè pé kó kọ́kọ́ wá ètò lórí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Okùn yẹn ò sí ní Odẹ́dá. Ohun tó kù ò ju pé kí a wọ BIOS, kí a gbé díìsìkì síwájú.

Láptọ́ọ̀pù tèmi, Dell ni. F2 ni mo máa ń tẹ̀. Ìyẹn, HP ni. Mo ń tẹ F2 bí ẹni ń lu gángan, ojú ewé kan tó fẹ́ yẹ ara ẹ̀rọ wò ló ń yọ sí mi. Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní BIOS rẹ̀ ti jóná, pé náírà 45,000 ni òun máa gbà láti pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ ìwé sí akápò wa. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo ti kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé ẹ̀kọ́ ló ní kí n dákẹ́, kí n jókòó, kí n tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú Ubuntu. Mo tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kú, ó jí, ó sì gbé BIOS síwájú mi bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Mi ò ní kí ẹ má gbé ẹ̀rọ lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Àwọn tó mọṣẹ́ wà, tó sì jẹ́ olóòótọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé, kí ẹnikẹ́ni tó fi irin tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín, ẹ ti ṣe àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kà yìí, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Àkọ́kọ́: ẹ pa á pátápátá

Bí ẹ bá kàn pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, kò kú, ó sùn ni. BIOS kì í yọjú sí ẹ̀rọ tó ń jí lójú oorun. Nínú Linux, ẹ yan ibi tí wọ́n kọ Power Off sí. Bí Windows bá wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ mọ̀ pé láti ìgbà Windows 8 ni wọ́n ti fi nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Fast Startup sí i, tí kì í jẹ́ kó kú tán. Ẹ di bọ́tìnnì Shift mú bí ẹ ṣe ń tẹ Shut down, á kú dáadáa. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe bí ẹni tí ojú ń kọ́, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá jẹ́ èyí tó ṣeé yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó fi ń tan mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ tó dá wọn padà.

Èkejì: ẹ tẹ bọ́tìnnì tó tọ́, ní àsìkò tó tọ́

Dell, F2. HP, ẹ tẹ Esc, lẹ́yìn náà F10. ThinkPad, F1, tàbí kí ẹ tẹ Enter kí ó mú ọ̀nà yọ. Lenovo tí kì í ṣe ThinkPad, F2 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn kan nínú wọn ní ihò tíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ lè fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa. Acer àti Toshiba, F2. Asus, F2, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ gbìyànjú Del.

Ẹ má dúró de orúkọ ilé iṣẹ́ kó yọ lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ti tan án báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, tẹ́, tẹ́, tẹ́, bí òjò tó ń kán lórí páànù, títí BIOS á fi yọ. Bí ẹ bá rí àmì Ubuntu, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ padà pa á.

Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù kan, F2 yìí kan náà ni wọ́n fi ń dín ohùn tàbí ìmọ́lẹ̀ kù. Bí F2 nìkan ò bá ṣiṣẹ́, ẹ di Fn mú pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ kíbọọ̀dù aláìlókùn lẹ̀ ń lò, ẹ gbé e tì. Ní àsìkò tí BIOS ń jí, ó lè má dá a mọ̀. Kíbọọ̀dù ara láptọ́ọ̀pù gan-an ni kí ẹ lò, tàbí èyí tó lókùn.

Ẹ̀kẹta: ẹ jẹ́ kí Linux fúnra rẹ̀ mú yín lọ

Èyí ló gbà mí. Ẹ wọ Ubuntu bí ẹ ṣe máa ń wọ̀ ọ́, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ èyí:

systemctl reboot --firmware-setup

Ẹ fi gbogbo iṣẹ́ yín pamọ́ kí ẹ tó tẹ Enter o, torí lójú ẹsẹ̀ ló máa kú, tó sì máa jí sínú BIOS. Ẹ̀yin tí ẹ máa dà á kọ láti WhatsApp, ẹ ṣọ́ra: ìlà kékeré méjì ló wà ṣáájú ọ̀rọ̀ firmware. Fóònù míì á so méjèèjì pọ̀ di ìlà gígùn kan, Linux ò sì ní gbọ́. Ẹ fọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́.

Bó bá kọ̀ ọ́, ẹ wo bóyá UEFI ni kọ̀ǹpútà fi gbéra. Ẹ tẹ èyí:

ls /sys/firmware/efi

Bó bá kó orúkọ bíi mélòó kan jáde, UEFI ni. Bó bá ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà àtijọ́ ló fi gbéra, àṣẹ yẹn ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ padà sí orí bọ́tìnnì. Bí ẹ ò bá sì mọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, bóyá wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ọn, tàbí orúkọ ara rẹ̀ ti ha, ẹ tẹ èyí, á sọ fún yín:

cat /sys/class/dmi/id/product_name

Ẹ̀kẹrin: ọ̀nà GRUB

Kí Linux tó gbéra, ètò kan wà láàárín òun àti BIOS tó ń jẹ́ GRUB. Bó bá jẹ́ Ubuntu nìkan ló wà lórí kọ̀ǹpútà, GRUB kì í fara hàn. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá ti ń wọlé lọ báyìí, ẹ tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ ló fi ń gbéra, Shift ni kí ẹ dì mú. Ìwé dúdú kan á yọ tí orúkọ wà lára rẹ̀. Lórí UEFI, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ UEFI Firmware Settings sí, kí ẹ tẹ Enter. Bí ẹ bá tẹ Esc jù, tó wá já yín sí ibi tí wọ́n kọ grub> sí, ẹ má sá. Ẹ tẹ fwsetup síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Ibì kan náà lẹ máa já sí.

Ìyá wa kan bi mí níbi ìpàdé pé, "Ọmọ mi, ṣé mi ò ní ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Wíwò kì í ba nǹkan jẹ́, mà. Fífọwọ́ kan ohun tí a ò mọ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ewé kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ jáde láìfi pamọ́, gbogbo rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Èyí tí mo bẹ̀ yín jù ni pé kí ẹ má ṣe gbé BIOS tuntun sórí ẹ̀rọ nígbà tí iná ò dúró sójú kan, tí bátìrì náà ò sì lágbára. Bí iná bá lọ láàárín ìyẹn, ẹ̀rọ lè má jí mọ́.

Nígbà míì sì rèé, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ò jẹ̀bi rárá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Canonical, ilé iṣẹ́ tó ni Ubuntu, fa Ubuntu 17.10 sẹ́yìn, torí wọ́n rí i pé ó ń ba BIOS àwọn láptọ́ọ̀pù kan jẹ́, pàápàá Lenovo. Èèyàn á wọ BIOS, á yí nǹkan padà, kò ní dúró. Àwọn míì ò tiẹ̀ lè fi fíláàṣì gbéra mọ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e jáde padà ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má lo Ubuntu àtijọ́ tí ẹnì kan ti fi sórí fíláàṣì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni kí ẹ gbà.

Nígbà tí BIOS bá béèrè páswọọ̀dù

Ó wá kan méjì tí ẹ̀gbọ́n ò ṣí wò. A tẹ bọ́tìnnì tó tọ́. BIOS yọ. Ó ní kí a mú páswọọ̀dù wá. Òfíìsì tó lo ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ ló fi sí i, wọn ò sì yọ ọ́ kí wọ́n tó tà á.

Kì í ṣe páswọọ̀dù Ubuntu o. Fífọ díìsìkì nù ò lè pa á rẹ́. Ẹ máa gbọ́ tí àwọn èèyàn á ní kí ẹ yọ bátìrì róbótó inú rẹ̀, pé á gbàgbé. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, òótọ́ ni. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní, kò rí bẹ́ẹ̀, torí inú ohun tí kì í gbàgbé ni wọ́n kọ páswọọ̀dù náà sí. Lenovo fúnra wọn sọ nípa ThinkPad pé, bí èèyàn bá gbàgbé páswọọ̀dù alábòójútó, àfi kí wọ́n pààrọ̀ mọ́dàbọọ̀dù. Ẹ sì má máa fi àbá tẹ̀ ẹ́ léraléra. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n bá ti rí àṣìṣe mẹ́ta, wọ́n á ti ara wọn pa.

Ìyà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò náà ni. Bí wọ́n bá jí láptọ́ọ̀pù yín lọ, ẹ ò ní fẹ́ kí olè fi yọ́bọ́kẹ́ ṣí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí a gbé tiwa fún ẹni tó ní òun mọ idán. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n padà lọ bá òfíìsì tí wọ́n ti rà á. Wọ́n rí páswọọ̀dù ọ̀kan nínú ìwé wọn, wọ́n fi ránṣẹ́, a tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ kan tó ń múra ìdánwò JAMB ti jókòó sídìí rẹ̀. Ti ìkejì, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà nígbà yẹn ti fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Owó tí ẹ̀gbọ́n fi rà á, owó tí wọ́n fi kó o wọ ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí yẹn. Bí mo bá ń gbálẹ̀ yàrá ìkàwé, mo máa ń rí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní London, ní Amẹ́ríkà, níbikíbi tí ẹ bá wà, oore yín ò ní gbẹ. Kí ẹ tó di páálí, ẹ gbà mí láàyè kí n bẹ̀ yín nǹkan kan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ tan kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ wọ BIOS rẹ̀. Bó bá béèrè páswọọ̀dù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín lọ́jọ́ náà gan-an, kó bá yín yọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá wà nítòsí wọn, ó rọrùn. Bó bá ti rékọjá òkun, ó ti bọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń kàwé ní Alábàtà tàbí ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tí ẹ sì ń tu owó jọ láti ra tòkunbọ̀, yálà ní Abẹ́òkúta níbí tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà: a máa ń wo ojú rẹ̀, a máa ń wo bátìrì, a máa ń ní kí wọ́n gbé orin sí i. Ẹ fi ọ̀kan kún un. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa á, kó tan án, kó wọ BIOS lójú yín. Bó bá ṣí láìbéèrè páswọọ̀dù, ẹ sanwó, kí ẹ gba rísíìtì. Bó bá ń sọ pé "ìyẹn ò ṣe nǹkan kan", ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Kọ̀ǹpútà tí o ò lè wọ BIOS rẹ̀, o kàn ń bá ẹlòmíì gbé e ni.

Ìwé tí mo kọ sí akápò nípa náírà 45,000 yẹn, mo ti gbà á padà, mo sì ti ya á. Mo bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ máa kọ́kọ́ yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wò kí a tó náwó lé e, wọ́n sì ti gbà. Ẹnikẹ́ni tí tirẹ̀ bá ń dà á láàmú, kó gbé e wá sí yàrá ìkàwé. A ò ní gba owó. Kó ṣáà rántí mú ṣájà dání, torí ti yàrá ìkàwé ò tó.

Odẹ́dá á gòkè, ilẹ̀ Ẹ̀gbá á tòrò.